Eré wo ló lè kó tọmọdé tàgbà jọ lẹ́yìn oúnjẹ? Èèyàn 26 ni wá, nínú àgbàlá kan l'Áké

Àjọkẹ́Aké, Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa yóò pé ọdún 80 ní Sátidé tó ń bọ̀. A ò ní ṣe ìnáwó ńlá, Màmá fúnra wọn ló ní àwọn ò fẹ́ ariwo. Àwọn ọmọ, àwọn ọkọ, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-ọmọ nìkan la máa pé jọ nínú àgbàlá wa l'Áké, l'Ábẹ́òkúta. Mo ti ka orí wa, a jẹ́ 26. Ọmọ ọdún 6 ló kéré jù.

Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro mi. Ìrẹsì ọ̀fadà ti wà nílẹ̀, láfún àti ewédú náà ò sì ní wọ́n wa. Wákàtí mẹ́ta tó máa tẹ̀lé oúnjẹ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Nígbà Iléyá tó kọjá, bí a ṣe fọwọ́ tán báyìí, fóònù yọ lọ́wọ́ oníkálukú. Àwọn ọmọ kó ara wọn sí kọ̀rọ̀ kan, àwọn ọkùnrin ń jiyàn bọ́ọ̀lù, àwọn ìyàwó ilé wà nídìí abọ́. Màmá jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo gbogbo wa. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Ṣé mo lè wọlé lọ sùn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní.

Mo fẹ́ eré tí ọmọ ọdún 6 àti ìyá ẹni ọdún 80 lè jọ ṣe. Orúnkún ń dun Màmá, wọn ò lè dìde sáré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kó ọmọ méjì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jáde lẹ́nu wọn. Iná náà lè lọ nígbàkígbà, nítorí náà n ò fẹ́ ohun tó gbára lé tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti ṣe nílé tiyín tó dùn?

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ ra Whot. Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ta, ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá náà á rí róbótó, á rí ìràwọ̀, á fi jọra. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo yín sídìí ẹyọ kan. Káàdì 54 ló wà nínú páálí kan. Bí ẹ bá pín mẹ́rin-mẹ́rin fún èèyàn 26, ó ti di 104, páálí méjì tó jẹ́ 108 á ṣẹ́ ku mẹ́rin péré lọ́jà. Bí ẹnìkan bá ta 14, tí gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọjà ti gbẹ. Ẹ pín ara yín sí tábìlì mẹ́ta, kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní páálí méjì tí wọ́n pò pọ̀. Ẹni tó bá borí lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan á wá pàdé ara wọn láàárín.

TíṣàFẹ̀yìntì, Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Mo fara mọ́ Whot, àmọ́ mo fẹ́ kí Àjọkẹ́ fetí sí mi níbi kan. Ẹ kọ òfin sára páálí kí ẹ tó pín káàdì. Ilé kan gbà pé tí wọ́n bá ta 2 sí ọ, o lè fi 2 tìrẹ gbà á kí ìyà náà kọjá sí ẹni tó kàn. Ilé mìíràn ní èèwọ̀ ni, kí o lọ mú méjì rẹ lọ́jà. Àwọn kan ń fi 5 mú mẹ́ta, àwọn mìíràn ò ka 5 sí nǹkan kan. Ẹni tó gbàgbé láti kígbe "last card" ńkọ́, kí ni ìjìyà rẹ̀? Ọmọ Adátán, ilé yín àti ilé wa lè máà ta á bákan náà, ká má tíì wá sọ ti àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó sunkún nítorí òfin tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Kò sunkún nítorí pé ó pàdánù, ó sunkún nítorí pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lójú tirẹ̀.

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, Tíṣà. Nílé wa, a máa ń fi 2 gba 2.

Aláyò_Lafẹ́ńwá, Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka gbogbo rẹ̀, n ò rí ẹni tó dárúkọ ayò, ó sì dùn mí. Àjọkẹ́, ọpọ́n ayò wà nínú ilé yẹn, mo fẹ́ẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ lọ wò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá tàbí nínú àpótí Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé èèyàn méjì péré ló ń ta ayò. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì kojú ara wọn. Àmọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ayò tí èèyàn 15 ò dúró yí wọn ká. Ẹnu àwọn tó ń wòran gan-an ló ń mú ayò dùn: ọ̀ta ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè ń wá àwíjàre, àwọn ará ìta ń gbè é lẹ́yìn.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún ẹbí nìyí. Ẹ fi àgbà kan àti ọmọdé kan ṣe ẹnìkan. Àgbà ló ń rò, ọmọ ló ń fún ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ihò. Àgbà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ayò, ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ fún láìbèèrè. Ọmọ náà á máa ka á sókè bó ṣe ń fún un: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ìhà ẹnìkejì, tó sọ ihò yẹn di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 25 jọ ti borí, nítorí ó ti ju ìdajì lọ. Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yín á ti mọ ìṣirò Yorùbá dé ẹ̀wá kí oòrùn tó wọ̀. Orúnkún kì í ṣiṣẹ́ nídìí ayò, orí ló ń ṣiṣẹ́, Màmá lè na gbogbo yín.

Àjọkẹ́Aké, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe Màmá láàárọ̀ yìí. Ọpọ́n náà wà nínú àpótí Bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ayò ṣẹ́ ku 41.

Aláyò_Lafẹ́ńwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i. Ọpọ́n Bàbá ni, ẹ má ra tuntun.

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Kí eré tó lè gbóná, ẹ jẹ́ kí oníkálukú fi owó díẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan naira péré, kí ẹni tó bá borí kó o lọ. Àwọn ọkùnrin á ju fóònù nù kíá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Kútọ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, fà á sẹ́yìn. Owó wọ inú eré lúdò nílé wa lọ́dún kan. Kì í ṣe owó ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àbúrò mi yí dáìsì pa dà nígbà tí òun bojú wẹ̀yìn. Àbúrò ní irọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dé orí ilẹ̀ tí Bàbá pín ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ọdún méjì gbáko ni àwọn méjèèjì ò fi jọ jẹun. Lúdò kọ́ ló dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, mo mọ̀, ó ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ fi nǹkan jíjẹ ṣe ẹ̀bùn, kí ẹni tó bá borí kọ́kọ́ bu ẹran lálẹ́, ìyẹn ti tó.

Àjọkẹ́, mo lè bá yín gé igi fún eré kan tí wọ́n ń pè ní Jenga. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Leslie Scott, tó dàgbà sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1983. Èdè Swahili ni orúkọ rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kéèyàn kọ́lé. Igi 54 ni, mẹ́ta-mẹ́ta, a tò ó lé ara wọn dé àjà 18, èyí tó wà lókè dábùú èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ óò wá máa yọ ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ẹ óò gbé e lé orí, títí tó fi máa wó. Gígùn igi kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀, kí mẹ́ta lè bá ara wọn dọ́gba. Mo ti ṣe é nínú àjẹkù igi méláìnà, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni kí a fi sáńpépà pa á dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní yọ. Màmá lè jókòó, kí ẹ gbé tábìlì sún mọ́ wọn.

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Mo ti gbọ́, Bọ̀dá. Mo fà á sẹ́yìn.

ÌyàwóIlé_Ìbarà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí pé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí Àjọkẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà. Wọ́n ní àwọn ìyàwó ilé wà nídìí abọ́. Gbogbo eré tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, ta ló máa ṣe é nígbà tí a ṣì ń fọ ìkòkò? Ẹ kọ́kọ́ ṣètò abọ́. Kí àwọn ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin fọ̀ ọ́, tàbí kí gbogbo èèyàn gbé e sílẹ̀ di alẹ́. Mo ti lo ọdún 14 nílé ọkọ, n kì í gbọ́ ẹ̀rín tó wà ní pálọ̀ àyàfi láti ilé ìdáná.

Eré tèmi rèé, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, tí wọ́n bá ti bí i kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Orúkọ la máa ń fún wọn. Èmi ń pe àbúrò ọkọ mi kan ní Ìbàdíàrán, òmíràn ní Ẹyinfúnjowó, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyàwó àgbà tiwa ní Adúmáadán kan tó ti di ìyá àgbà báyìí. Àwọn ọmọ ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́, wọn ò mọ ẹni tó ni ín, wọn ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹní kan fún àwọn ìyàwó ilé. Kí ọ̀kan dìde, kó pe orúkọ kan. Àwọn ọmọ á sáré lọ fọwọ́ kan ẹni tí wọ́n rò pé òun ni. Bí wọ́n bá gbà á, ìyàwó yẹn á sọ ìtàn bó ṣe fún un ní orúkọ náà. Bí wọn ò bá gbà á, ẹni náà á dìde fúnra rẹ̀, á jó wá síwájú. A ṣe é nígbà tí àbúrò ọkọ mi ń ṣègbéyàwó, mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tó ń fi ìka nu ojú, torí wọn ò mọ̀ pé a ń kíyè sí wọn tó bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Àjọkẹ́Aké, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí. Èmi náà jókòó ní pálọ̀ nígbà Iléyá, n ò ronú nípa abọ́ rárá. Mo ti pe àwọn àbúrò mi ọkùnrin mẹ́ta, mo ní kí wọ́n ká apá aṣọ sókè ní Sátidé. Màmá fúnra wọn jẹ́ ìyàwó ilé nínú àgbàlá yẹn, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Eré yìí la máa fi bẹ̀rẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Lọ́ńdọ̀nù, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi dà bí àwọn ọmọ tí Àǹtí ń sọ yìí. Nígbà tí a wá sílé lọ́dún tó kọjá, ẹkùn mẹ́ran ló tú u lẹ́nu. Àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú yípo, ẹran wà nínú, ẹkùn wà níta. Olórin á ní "Ẹkùn mẹ́ran," gbogbo wọn á ní "Mẹ̀ẹ́!" "Ó torí bọ igbó." "Mẹ̀ẹ́!" "Ó fẹ́ mú un." "Mẹ̀ẹ́!" "Kò lè mú un." "Mẹ̀ẹ́!" Mẹ̀ẹ́ nìkan ni ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá níláti mọ̀. Ní ìgbà kẹta, ọmọ mi ló di olórin. Ẹ fi Màmá ṣe olórin lórí àga wọn, ohùn ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Kí ló lẹ́jẹ̀ náà ńkọ́? "Ewúrẹ́ ń lẹ́jẹ̀?" "Lẹ́jẹ̀ lẹ́jẹ̀!" "Àdàbà ń lẹ́jẹ̀?" "Lẹ́jẹ̀ lẹ́jẹ̀!" "Òkúta ń lẹ́jẹ̀?" Ẹni tó bá dáhùn ti gbé e. Ẹ yára pè é, kí àwọn àgbà ṣìṣe dáadáa.

TíṣàFẹ̀yìntì, Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ìmọ̀ràn mi lórí eré tó ń lé èèyàn jáde: ẹ ṣọ́ra fún wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde á jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, fóònù ni yóò sì fà yọ. Eré àga tí wọ́n fi orin yí ká ló burú jù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń yọ àga nìkan láìyọ èèyàn, tí wọ́n á máa jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ò bá ilé Yorùbá mu. Ìyàwó ò lè jókòó lé bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ fi ẹní rọ́pò àga. Ẹ tẹ́ ẹní mẹ́fà sílẹ̀, kí ìlù máa dún, kí gbogbo èèyàn máa jó kiri. Bí ìlù bá dákẹ́, kí olúkúlùkù wá ẹní tó máa dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ẹní kan, ó ku márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò jáde, ẹní ló ń dín kù. Nígbà tó bá ku méjì, ẹ óò rí i bí àgbà ṣe ń na ọwọ́ fa ọmọdé kó má bàa bọ́ sílẹ̀. Kí Màmá mú agogo lọ́wọ́, àwọn ló máa dá ìlù dúró nígbà tó bá wù wọ́n.

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Tíṣà, bí ẹ bá wà níbẹ̀ ẹ lè ṣe ìdíje ìbéèrè nípa ìlú. Ọdún wo ni àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ? Ta ló ṣáájú wọn? Ìwé ìròyìn wo ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ níbí?

TíṣàFẹ̀yìntì, Ọjọ́rú, 8:41 àárọ̀

1830, Ṣódẹkẹ́, Ìwé Ìròyìn ní 1859. Mo nífẹ̀ẹ́ sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ, iṣẹ́ mi ni fún ọdún 33. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn ní ìbéèrè, àwọn tó mọ̀wé nìkan ló ń dáhùn, àwọn yòókù á fà sẹ́yìn. Bí ìbéèrè bá gbọ́dọ̀ wà, kí ó jẹ́ nípa Màmá: ọjà wo ni wọ́n kọ́kọ́ tà, ta ló kọ́ wọn ní láfún, èwo nínú àwọn ọmọ wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwé ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.

ÌyáAládìrẹ, Ọjọ́rú, 9:27 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni. Àjọkẹ́ ọmọ mi, wá sí Ìtòkú kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ègé àdìrẹ pọ̀ nínú àpò mi, èyí tí àwọn aránṣọ gé kù. Mo máa ń ṣa méjì-méjì tó jọra, mo ń gé wọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mo sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí kí ẹ̀yìn wọn lè jọra. Mo ní ogún méjì-méjì báyìí, ìyẹn ogójì.

Ẹ dojú gbogbo rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnìkan á ṣí méjì. Bí wọ́n bá bára mu, ó ti kó wọn, á tún ṣí. Bí wọn ò bá bára mu, á dà wọ́n bolẹ̀ pa dà síbi tí wọ́n wà, gbogbo èèyàn á sì fi sọ́kàn. Ọmọdé ń rántí ibi tí nǹkan wà ju àgbà lọ, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ni mo ṣe fi òfin kan kún un tí mi ò rí níbòmíràn: kó o tó kó méjì náà, o gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn. Ṣé oníko ni, tí wọ́n fi ìko dì? Ṣé alábẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n rán? Ṣé ẹlẹ́kọ ni, tí wọ́n fi ẹ̀kọ kùn kó tó wọnú aró? Bí o bá tún mọ orúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀, bí Ìbàdàndùn tàbí Oṣùbàm̀bà, o tún ní àǹfààní kan sí i. Ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń sáré lọ bá ìyá àgbà, "Màmá, kí lorúkọ èyí?" Ọmọ ló mọ ibi tó wà, ìyá ló mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè borí láìsí ẹnìkejì.

Àjọkẹ́Aké, Ọjọ́rú, 9:45 alẹ́

Ìyá mi, mò ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ_Adátán, Ọjọ́bọ̀, 12:05 ọ̀sán

Mo ní ọ̀kan kù, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi tún orúkọ mi ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ẹ fi ẹfun ya lúdò sílẹ̀ àgbàlá, kí àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ lúdò. Àpótí 15 ní ìbú, 15 ní òró ni lúdò. Bí àpótí kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 23 ló máa gbà yín. Ẹ fi páálí onígun mẹ́rin ṣe dáìsì, kí ẹ fi máàkà ya ojú rẹ̀. Àwọn àgbà jókòó nílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń ju dáìsì, ọmọ ń rìn. Lúdò gidi ń lo ọmọ mẹ́rin nílé kan, ṣùgbọ́n méjì-méjì ti tó yín, ẹni 8.

TíṣàFẹ̀yìntì, Ọjọ́bọ̀, 12:50 ọ̀sán

Èyí dára púpọ̀, ọmọ mi.

Àjọkẹ́, kí ẹ má gbàgbé àlọ́ àpamọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Kí Màmá bẹ̀rẹ̀: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ má sọ ìdáhùn fún àwọn ọmọ kíá, ẹ mú wọn lọ wo ẹ̀wà nínú abọ́.

Àjọkẹ́Aké, Ọjọ́ Àìkú, 3:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ilé, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Lúdò ilẹ̀ la kọ́kọ́ padà ṣe, torí àwọn ọmọ ti rí ẹfun lọ́wọ́ mi, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Ó dùn dé ìdajì. Ilé pupa ti fẹ́ wọlé nígbà tí òjò dé láìkìlọ̀, ó fọ gbogbo ẹfun lọ. Àwọn ọmọ ṣì dúró sínú òjò, wọ́n ń jiyàn ibi tí àpótí wọn wà. Bọ̀dá Kútọ̀, igi yín balẹ̀ lé wa lọ́wọ́ kí òjò tó dé, a gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó wó lọ́wọ́ ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Whot ò rọrùn bí mo ṣe rò, pẹ̀lú òfin tí a kọ sára páálí. Ẹ̀gbọ́n mi láti Lọ́ńdọ̀nù ò gbà pé a lè fi 2 gba 2, àriyànjiyàn náà gba ogún ìṣẹ́jú. N ò ní gbé e jáde mọ́ níbi tí a bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Lafẹ́ńwá, Màmá mú ọmọ ọdún 6 gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ wọn nídìí ayò. Òkúta wẹ́wẹ́ méje wà láàárín ọmọ ayò Bàbá. Wọ́n na méjì nínú àwọn àbúrò mi. Ọmọ náà ń kà á sókè, nígbà tó dé ẹ̀rin ó máa ń wo ojú Màmá kó tó fún un.

Ìyàwó wa ní Ìbarà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi tiyín. Àwọn ìyàwó ilé mẹ́rin pe orúkọ, àwọn ọmọ sáré, ẹ̀rín pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá ní àwọn náà fẹ́ pe tiwọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé." Àwọn ọmọ sáré kiri, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Àwa àgbà mọ̀ pé àbúrò Bàbá wa tó ti dolóògbé ni Màmá ń pè bẹ́ẹ̀, a sì ti rò láti kékeré pé torí pé ó ṣiṣẹ́ ìjọba ni. Màmá ní rárá. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé àwọn wọlé, àwọn ò mọ̀ ọ́n kọ, Bàbá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àbúrò ọkọ wọn. Òun ló ń bá wọn kọ lẹ́tà sí Bàbá lálálẹ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní òun ò kọ ọ́ mọ́, kí ìyàwó jókòó kí òun kọ́ ọ ní A, B, D. Ẹni tó kọ́ Màmá ní ìwé nìyẹn. Ọdún 80 ni Màmá, èmi ti lé ní 50, n ò gbọ́ ọ rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti Lọ́ńdọ̀nù, lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ó bi mí lédè òyìnbó pé ṣé ibí gan-an ni. Mo ní ibẹ̀ ni.

Àdìrẹ la fi parí, lábẹ́ iná lámpù, torí iná ti lọ. Màmá mọ orúkọ gbogbo rẹ̀ àyàfi mẹ́ta. Aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó wọlé lọ sùn, àwa la bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Aládìrẹ, àwọn ègé náà ò padà sọ́wọ́ mi. Màmá kó wọn sínú àpótí pẹ̀lú ọpọ́n ayò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí òmíràn kí ó tó di oṣù Kejìlá? Ọ̀kan sọnù nínú òjò, ẹlẹ́kọ ni.

ÌyáAládìrẹ, Ọjọ́ Àìkú, 8:02 alẹ́

Ó wà. Mú àwọn mẹ́ta tí Màmá ò mọ̀ yẹn bọ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀, kí n wò wọ́n. Kí o sì bá mi kí wọn.